Iṣu ni ti Àlejò, Igi ni ti Onílẹ̀

Bí ará Èkó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, àrùn kan a máa mú un tí dókítà kì í rí. Yóò jókòó sínú mọ́tò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, òógùn yóò bò ó, yóò sì máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ìbá ṣe pé mo ní oko kékeré kan níbì kan!" Kì í ṣe oko tí yóò sọ ọ́ di olówó o. Oko ìgbádùn lásán ni: ebè iṣu díẹ̀, adìyẹ mélòó kan, àti igi ọsàn kan tí ó lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ ka ìwé ìròyìn.

Àrùn náà mú èmi pẹ̀lú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti kó kúrò ní Ìsọlọ̀ wá sí ìhà gúúsù Èkìtì. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìròyìn mi ránṣẹ́ sí Èkó, ibẹ̀ náà ni mo sì ń dáko, ní ọ̀nà tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí àrùn yìí ń ṣe kì í jẹ́ kí n sinmi. Ohun tí gbogbo wọn sì kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Èéló ni ilẹ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí. Ẹ̀gbá ni mí, mo sì mọ òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Olósùnta tó dúró gbọnin lórí ìlú Ìkẹ́rẹ́, mo ní Olúmọ ní ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ dorí kọ Ìsẹ̀ àti Emùré, òkúta yóò máa dín kù, igbó yóò máa ṣú. Kòkó ń bẹ níbẹ̀, ọ̀pẹ ń bẹ níbẹ̀, odò Ògbẹ̀sẹ̀ sì ń ṣàn gba ibẹ̀ lọ. Iṣu tí èmi ń pè ní iṣu, usu ni wọ́n ń pè é. Ilé, ulé ni. Ẹ sì mọ Èkìtì àti iyán: bí ẹ fún wọn ní ìrẹsì lọ́sàn-án, wọn yóò dúpẹ́, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, wọn yóò wá bi yín pé ìgbà wo ni oúnjẹ yóò jinná.

Ó wá ku ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dé abúlé kí ẹ sọ pé gómìnà ló ní kí ẹ wá gbin iṣu, kí ẹ wo ohun tí ojú yín yóò rí! Ilẹ̀ ìkọ́lé, wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko tí mo fojú sí, ilẹ̀ ẹbí ni, ẹbí náà kò sì ta oko rí. Wọ́n máa ń fún ènìyàn lò ni.

Ẹni tó mú mi lọ ní kí n gbé obì àti ọtí dání, kí n má sì jẹ́ kí owó jáde lápò mi àfi tí wọ́n bá bèèrè. A bá Bàbá, olórí ẹbí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbààgbà mẹ́rin mìíràn jókòó tì wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Kí lo fẹ́ gbìn?"

"Iṣu ni, Bàbá, àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀."

"Iṣu, a gbà. Ẹ̀gẹ́, a gbà. Àgbàdo, ilá, ata, a gbà. Igi ńkọ́?"

"Ó wù mí kí n gbin ọsàn mélòó kan, Bàbá."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá mi orí. "Igi, rárá o. Iṣu ni ti àlejò, igi ni ti onílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìwà ahun. Kí oṣù mẹ́wàá tó pé, a ti wa iṣu kúrò nílẹ̀, ilẹ̀ yóò sì dá bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó kì í so títí di nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún. Ẹni tó gbìn ín yóò kú, ẹni tó fún un nílẹ̀ yóò kú. Àwọn ọmọ yóò wá dé: "Ta ló gbin kòkó yìí?" "Bàbá wa ni." "Ta ló ni ilẹ̀?" Ó di kóòtù. Nílẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí kòkó ti di owó, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Nítorí náà ni ìṣákọ́lẹ̀ fi wà: lọ́dọọdún, àlejò yóò mú nínú irè oko rẹ̀ lọ fún onílẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ebi ń pa onílẹ̀. Iṣu márùn-ún, mẹ́wàá, kí ni yóò ṣe fún odindi ẹbí? Ẹnu ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹnu tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi ní Ìsọlọ̀, ó gbé aṣọ tí ó ń ká sílẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ fẹ́ kó owó tí a fi ogún ọdún tọ́jú lọ sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yín kò lè jogún?" Mo dákẹ́, nítorí òótọ́ ni. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ kó lọ. Ọdún kejì ló tó wá bá mi.

Nípa iṣẹ́ oko fúnra rẹ̀, kò sí àdììtú. Àwọn Ẹ̀bìrà ló bá mi kọ ebè. Igba igba ni a ń ka ebè: igba mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èébù tí mo rà kò pọ́n owó kù, ọ̀yà jẹ nínú iṣu, òjò sì pẹ́ lọ́dún kejì. Bí a bá ṣírò owó èébù, owó ebè àti owó ọkọ̀, iṣu tí mo jẹ lọ́dún àkọ́kọ́ wọ́n ju ti ọjà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè kíákíá, kó lọ ṣòwò.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù kì í ṣe ọ̀yà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró ní Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọ igbó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ padà. Awakọ̀ kò padà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi àti ìyàwó mi kò dé oko. Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ̀ mí láago láti Èkó pé kí n padà wálé. Àwọn aládùúgbò oko ló ní ká má dá lọ mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni mẹ́fà, ẹni méje la ń lọ pọ̀, a sì ti ń kúrò lóko kí agogo mẹ́rin tó lù. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, a máa gba ibẹ̀ kọjá. N kò ní sọ fún yín pé ẹ̀rù ti tán.

Nígbà tí n kò lè lọ sóko yẹn ni mo ń ro ọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní London ní ọdún 1924. British Museum ló wà di òní. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Bẹ́ẹ̀ wọn kò bí i sí Ìsẹ̀ o! Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873. Ó kó wá sí Ìsẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀, ó sì di ara ìlú. Ọba ló ni àwọn òpó àti ilẹ̀kùn tó gbẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gbẹ́ fún onílé ló sọ àlejò di ẹni tí a ń fi orúkọ ìlú pè.

Ní ọdún kẹrin tí mo ti ń dáko, mo gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Bàbá ka iṣu náà, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọdún kẹrin rèé, a kò rán ẹnikẹ́ni sí ọ rí kó o tó mú un wá. Nígbà tí a sìnkú àbúrò mi, ìwọ lo bá wa to àga. Lọ gbin ọsàn rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá lọ, ọsàn kò ní bá ọ lọ."

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé àdéhùn náà: igi ọsàn ogún, mo lè máa ká èso wọn níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń dáko níbẹ̀, bí mo bá kúrò tàbí tí mo bá kú, ti ẹbí ni. Àwọn àgbààgbà tẹ̀ka, èmi náà fọwọ́ sí i.

Mo mú ìwé náà délé, ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Nítorí náà, a fẹ́ gbin ọsàn fún ọlọ́sàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ronú díẹ̀. "Ọdún mọ́kàndínlógún la fi san owó ilé ní Ìsọlọ̀. A kun ilé, a tún òrùlé ṣe, a gbẹ́ kànga. Nígbà tí a ń lọ, ṣé lánlọ́ọ̀dù fún wa ní ọsàn kan?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpótí tí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àlàfo wọn fẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ gbin ata sáàárín."