Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìdí tí Mo fi Yan Kámẹ́rà Rangefinder

Àwọn ọ̀rẹ́ a máa bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń gbé kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ kiri Àgọ́ Palace, nígbà tí fóònù wà nínú àpò mi. Yashica Electro 35 ni, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Japan ní 1966. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí kámẹ́rà tí à ń pè ní rangefinder. Kì í ṣe ìfẹ́ ohun àtijọ́ ló mú mi yàn án. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú kámẹ́rà SLR, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tí ó ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá fún ojú wa. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, dígí náà á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, ojú ayàwòrán á sì ṣókùnkùn ní àkókò náà gan-an tí àwòrán ń wọlé. Rangefinder kò ní dígí yìí. Fèrèsé kékeré tí ó yàtọ̀ sí lẹ́ńsì ni a ń gbà wòran. Fèrèsé kejì ń mú àwòrán ohun kan náà wá bí ìbejì. A ó máa yí lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn di ọ̀kan. Nígbà náà la mọ̀ pé àwòrán yóò mọ́ kedere.

Leica II ti ilẹ̀ Jámánì ti so fèrèsé ìwọ̀n yìí pọ̀ mọ́ lẹ́ńsì láti 1932. Nígbà tí Leica M3 dé ní 1954, mìlímítà 27.8 péré ló wà láàárín ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ń jókòó sí àti fíìmù. Ti Nikon F, SLR tí ó jáde ní 1959, jẹ́ 46.5. Nítorí pé kò sí dígí tí yóò dí i lọ́nà, lẹ́ńsì tí ń wo ibi gbígbòòrò lè sún mọ́ fíìmù, ó sì lè kéré kí ó fúyẹ́. Fèrèsé náà tún ń fi ohun tí ó wà lẹ́yìn ààlà àwòrán hàn wá. Mo lè rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ń bọ̀ kí ó tó wọnú àwòrán.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé igun òsì ni fèrèsé náà wà. Bí mo bá fi ojú ọ̀tún wò ó, ojú òsì mi wà níta gbangba. Àwọn àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo gbọ́ tí ìyá kan tí ń yan bọ̀ọ̀lì sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ kámẹ́rà ńlá sí i pé, "Èmi ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn nǹkan dúdú yẹn." Ìyá náà kò jayò pa. Ta ni í bo ojú kí àgbà? Fóònù kò bo ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ojú: ayàwòrán ń wo fóònù, kò wo ènìyàn. Èmi á kọ́kọ́ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Bí wọ́n bá dáhùn, tí wọ́n sì gbà, mo lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ bí mo ṣe ń yà wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin rangefinder nítorí pé kì í pariwo, kí wọ́n lè ya ẹni tí kò fura. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Àìpariwo kì í ṣe àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún fọ́tò yíyà náà ni ó ń lò fún ìbọn yíyìn. Yorùbá ní tirẹ̀ fi "wò" sínú "àwòrán". Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2001, so ọ̀rọ̀ náà mọ́ "a-wò-rántí", ohun tí a ń wò láti fi rántí. Ohun tí a jí wò kò yẹ ní ìrántí ẹnikẹ́ni.

Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tí ó gba ẹ̀bùn Hannah Höch ní Berlin ní 2024, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ìgboro Èkó pẹ̀lú Rolleiflex. Ìyẹn kì í ṣe rangefinder, ṣùgbọ́n kò bo ojú bákan náà. Àyà ni a ń gbé e sí, a ó sì tẹrí ba láti wò ó, bí ẹni tí ń kí ènìyàn.

Rangefinder ní àléébù tirẹ̀. Kò dára fún ohun tó jìnnà réré, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo ohun tó sún mọ́ni jù. Bí a bá gbàgbé ìdérí sí ẹnu lẹ́ńsì, fèrèsé kò ní sọ fún wa. Ẹni tí ń ya bọ́ọ̀lù tàbí ẹyẹ, kí ó wá òmíràn. Ṣùgbọ́n fún ìgboro tí a ti ń kí ara wa, òun ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí ẹ bá pàdé mi lọ́nà Àgọ́ Palace, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí mi. Ojú òsì mi ń wò yín. Ó dìgbà kan ná.