Omi wà nínú sódábì

Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní chimie, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, òun náà la sì fi ń kọ́ni. Lọ́dọọdún la máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé bí a bá ju sódíọ̀mù sínú ọtí líle tí kò lómi rárá, yóò máa hó, afẹ́fẹ́ hydrogène yóò jáde, ohun tó bá kù níbẹ̀ là ń pè ní alcoolate. A tún máa ń kọ ọ́ pé omi ni ọ̀tá alcoolate: bí omi bá kàn án, yóò padà di ọtí, soude yóò sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a fẹ́ ṣe é kí wọ́n fojú rí i. Ọtí tó mọ́ ti tán. A ní kí wọ́n bá wa ra sódábì díẹ̀ wá. A gé sódíọ̀mù bí ẹyọ ìrẹsì kan, a jù ú sí i. Ó hó, ó yọ́ tán. Inú wa dùn. A ní, “Ẹ wò ó, alcoolate nìyẹn.”

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí kì í la ẹnu bí a bá ń sọ Faransé. Ìyá rẹ̀ àgbà ń se sódábì. Ó nawọ́, ó fi Yorùbá sọ pé, “Mùsíè, ẹ má bínú. Omi wà nínú sódábì. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé omi ń ba alcoolate jẹ́. Ṣé kì í ṣe soude ló wà nínú ife yẹn?”

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Òótọ́ ló sọ: soude ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ṣe wá bíi ká ní kó jókòó, torí Faransé ni òfin ní kí wọ́n máa sọ. Àmọ́ ojú tì wá. A sọ fún wọn pé àwa la ṣì í.

Láti ìgbà náà, Yorùbá la fi ń ṣàlàyé kí a tó kọ Faransé sílẹ̀. A sọ fún wọn pé àwọn tó ń sọ òróró di epo ọkọ̀ ń lo alcoolate, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ omi kúrò nínú òróró náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọṣẹ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ ọṣẹ nílé ìyá rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dán èyí wò nílé o, sódíọ̀mù ń jóni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dákẹ́ ní kíláàsì, ẹ má tètè sọ pé kò gbọ́n. Ó lè jẹ́ èdè ló dí i lẹ́nu.