Ọmọ Kéú Tí Ó Fẹ́ Di Akọ̀ròyìn

Ọmọ kan tí ó parí kéú lọ́dọ̀ wa ní Ìyànà Ìyẹ̀sí sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì ilẹ̀ Íjíbítì. Bàbá ní kí á bá òun dá a lẹ́kun. A pè é, a ní: "Ṣé òfófó ni a kọ́ ọ ni?"

Ó ní: "Àáfà, Súrátul-Hujurat ni ẹ kọ́ mi."

Ojú tì wá. Āyah kẹfà níbẹ̀ pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn ní ibi. Ìmáàmù Bukhari pàápàá rìn jìnnà sílé nítorí hadith tí ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ní ọdún 1970, Dókítà Doyin Abiola fi iṣẹ́ Daily Sketch sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìròyìn ní Amẹ́ríkà. Ó padà wá di olóòtú National Concord.

A tọ bàbá náà lọ, a ní tiwa ni àṣìṣe. Ó gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí kò bá lè wádìí ohun tí ó gbọ́ ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, òkè òkun kò ní sọ ọ́ di akọ̀ròyìn. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olódodo. Āmīn.