Kò Sí Fọ́tò Tábìlì Náà

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa kò le rárá lójú wa. Ẹ lọ wá àwòrán kan tó jẹ́ ti inú ilé, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá, ojú ìwé méjì péré. Àwa mẹ́rin tí à ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ̀lì ní a ó jọ ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, kí a sì ti parí kí wọ́n tó mú iná lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà wá láti ọjọ́ yìí mọ̀ pé bí a bá ti sọ pé "lálẹ́ ọjọ́ kan", ọ̀sẹ̀ méjì ni. A mu gàrí tán, a ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì tan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kan nínú wa ló mú àwòrán Njideka Akunyili Crosby wá. Bí ẹ kò bá mọ ọmọ, ẹ ó mọ ìyá: Dora Akunyili, tó ṣe olórí NAFDAC láti 2001 títí di 2008, tó sì gbógun ti àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn. Enugu ni wọ́n bí Njideka sí ní 1983. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999, Los Angeles ló sì fi ṣe ibùgbé. Orí bébà ló máa ń ṣiṣẹ́, bébà tó lè ga ju èèyàn tó nàró lọ, ohun tó sì ń yà sí i kò ju ohun tí gbogbo wa ń rí nínú ilé lójoojúmọ́: àga, tábìlì, ọkọ àti ìyàwó nínú yàrá wọn, ọmọdé tó wọṣọ òde. Nígbà tí a kà á pé wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán ọmọdé yìí ní London ní 2017, ní owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ, ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun náà ti fẹ́ máa ya tábìlì.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ló kọ́kọ́ gbà wá lọ́kàn. Ó máa ń kó fọ́tò jọ: fọ́tò ẹbí, ojú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Nàìjíríà, páálí àwo orin àtijọ́. Yóò tẹ fọ́tò náà jáde, yóò dojú rẹ̀ dé orí bébà tó fẹ́ yàwòrán sí, yóò wá fi acetone ra ẹ̀yìn rẹ̀. Acetone yìí náà ni àwọn tó ń tọ́jú èékánná lẹ́nu géètì wa fi ń nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ oníbàárà. Bó bá ṣí fọ́tò yẹn kúrò, ohun tó wà lójú rẹ̀ á ti bọ́ sórí bébà, á ṣá díẹ̀, bí aṣọ tí oòrùn ti pa lórí okùn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀dà, èédú àti pẹ́ńsúlù aláwọ̀ ṣe ìyókù. Bí o bá dúró lókèèrè, pálọ̀ lásán lo rí. Bí o bá súnmọ́ ọn, ilẹ̀ pálọ̀ kún fún ojú èèyàn, ògiri kún, nígbà mìíràn apá àti ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síbẹ̀ pàápàá kún. Orí ẹ̀rọ la ti wò ó o, a kò tíì fojú kan ojúlówó rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n a fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú foónù títí foónù fi gbóná.

Èyí tí a yàn ni "Tea Time in New Haven, Enugu", tó ṣe ní 2013. Tábìlì ni, pẹ̀lú ohun tíì mímu lórí rẹ̀. Kò séèyàn níbẹ̀. New Haven jẹ́ àdúgbò kan ní Enugu. Ní 2012, ó ti fi àdírẹ́sì ilé kan ládùúgbò náà sọ àwòrán mìíràn lórúkọ. Ṣùgbọ́n New Haven náà ni ìlú tí Yunifásítì Yale wà ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti gba oyè kejì rẹ̀ ní 2011. Bí kò bá kọ Enugu mọ́ ọn, ta ni ìbá mọ ilé tí tíì ti ń hó?

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ni wàhálà dé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ wa ni "Nínú yàrá ìgbàlejò kan…" Ẹnì kan ní, "Ẹ dúró ná. Ta ló ń sọ yàrá ìgbàlejò nílé yín?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Pálọ̀ ni. Bàbá àgbà tí kò jókòó ní kíláàsì rí, pálọ̀ ló ń pè é. Ilé ìdáná ńkọ́? Ìyẹn wà nílé bàbá àgbà lóòótọ́, lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ààrò mẹ́ta àti èéfín. Èyí tó ní sítóòfù àti síǹkì nínú, kíṣìnì ni. A jiyàn títí. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá fún ọdún mẹ́rin ló yẹ kó dáàbò bo èdè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá kọ "yàrá ìgbàlejò", tábìlì yẹn á kúrò nílé wa, á di ti inú ìwé ìdánwò. A kọ pálọ̀. A ní bí olùkọ́ bá fẹ́ yọ máàkì, kó yọ ọ́.

A rò pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni, kí a tó kan àwòrán mìíràn tó ṣe ní 2017. Orúkọ rẹ̀ ni "Dwell: Aso Ebi".

Inú wa dùn bí ẹni pé àwa la bí i. Ọmọ Ìgbò, ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ àwòrán rẹ̀ lórúkọ! Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan mọ́, gbogbo Nàìjíríà ló ń rà á, gbogbo Nàìjíríà ló sì ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ò sì lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Bí a bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ebi ni, kì í ṣe ẹbí. Aṣọ ebi! A rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà ní yàrá kejì fi gbá ògiri.

Obìnrin kan ló jókòó nínú àwòrán yẹn, òun nìkan. Aṣọ tí wọ́n tẹ ojú Dora Akunyili sí, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún òṣèlú tàbí fún ìsìnkú, ló bo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ìyá kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mejìlá. Ní 2014 ni ìyá náà kú. Ọ̀kan nínú wa tí kò bá wa rẹ́rìn-ín wá sọ jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Aṣọ ebi náà ni."

Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Abẹ́òkúta. Èṣí ni màmá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ jọ sọ̀rọ̀, wọ́n kun ilé, wọ́n sì fi í háyà. Ẹni tó gba pálọ̀ ń ta wíìgì àti ìpara níbẹ̀. Wọn kò ṣe ohun tó burú. Ilé tó ṣófo kì í pẹ́ wó. Ó ní òun kò tilẹ̀ rántí tábìlì màmá láti ìgbà náà, àfi ní alẹ́ yìí. Ó ní òun kò fẹ́ kọ nípa tábìlì Enugu mọ́, ti Abẹ́òkúta ni òun fẹ́ kọ. Kí ló wà lórí rẹ̀? Ó sọ mẹ́ta, ó dúró.

Nítorí náà a wá fọ́tò. A wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo àbúrò ìyá rẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́: màmá ní ìkómọ, màmá ní ìyàwó, màmá pẹ̀lú gèlè oríṣiríṣi, màmá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ya tábìlì. Ta ló máa ń ya tábìlì? Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde: ọjọ́ ìbí òun fúnra rẹ̀, ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, kéèkì wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn orí rẹ̀ sì ni ìdajì tábìlì náà. A fẹ̀ ẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó pupa rúsúrúsú. Àwa méjì ní kẹ́tù ni, àwa méjì ní filásíkì ni.

Ó pe ìyá rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà lórí tábìlì màmá?" Ìyá rẹ̀ ní òun wà lọ́jà, òun á fèsì. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, ohùn rẹ̀ wọlé lórí WhatsApp. Gbogbo wa jókòó yí foónù ká.

Ó ní kẹ́tù ni, owó oṣù àkọ́kọ́ tí òun gbà ni òun fi rà á fún màmá. Ó ní páànù Bournvita wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ọmọ. Bíbélì màmá wà níbẹ̀, Kùránì bàbá náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò láti ìgbà tí bàbá ti kú. Abọ́ ike kan wà tó ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí, èyí tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ẹnì kan tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ dáadáa, ojú olókùú náà wà lára rẹ̀. "Irú èyí tí àwa náà fi ṣe ìrántí màmá. Ṣebí o mú ọ̀kan lọ sí iléèwé?" Lẹ́yìn èyí kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. A ń gbọ́ fáànù tó ń yí nílé wọn. Ó wá ní, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi tábìlì ṣe?"

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bojú wo abọ́ gàrí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni a ti ń lò ó. Lóòótọ́ la mọ̀ pé ojú èèyàn kan wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé wo ni kò ní irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ní kíṣìnì? A fi ojú ìyá olóyè fọ ìrẹsì, a fi ojú bàbá alájì bu omi. Kò sẹ́ni tó béèrè èyí tó jẹ́ ti ta ni, òun náà kò sì sọ. Kànrìnkàn ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ tán, ó ku gèlè àti etí kan.

Olùkọ́ gba iṣẹ́ wa, Enugu nínú rẹ̀, Abẹ́òkúta nínú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan pálọ̀. Àmì ohùn ló yọ máàkì méjì lé lórí, ojú sì tì wá fún aṣọ ebi tí a fi rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́ ohùn yẹn, abọ́ mìíràn la fi mu gàrí. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ti màmá sọ̀ kalẹ̀, ó bu gàrí sí i, ó da omi lé e. Ó ní màmá kì í fẹ́ kí abọ́ wà lásán. Ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́ báyìí.