Bátìrì Tí Ó Ti Gbó Kí A Tó Rà Á

Ẹni tí ó bá ra iṣu ní ọjà Ọ̀wọ̀, tí ó gé e délé tí inú rẹ̀ ti jẹrà, kì í dákẹ́. Yóò gbé e padà lọ bá ìyá oníṣu, ìyá náà á ráhùn díẹ̀, á sì pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí ó bá kan láptọ́ọ̀pù, tí owó rẹ̀ tó owó iṣu oko kan, ṣe ni a máa ń káwọ́ lérí, tí a ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ní ọdún tó kọjá. Ọmọbìnrin àbúrò mi ń kàwé ní Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, ó sì ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí ní Afo. Owó àjọ tí ó kó ni ó fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún un, ₦180,000 géérégé. Ẹni tí ó tà á fún wọn ní bátìrì rẹ̀ á lo wákàtí 5. Láti ọjọ́ kìíní ni kò ti lò ju wákàtí 1 lọ. Ọmọ náà padà lọ. Wọ́n ní kí ó lọ fi sórí iná mọ́jú fún ọjọ́ 3, pé bátìrì náà á jí. Kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé, kò lè lo ìṣẹ́jú 20 mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí ní ìlú wa. Tí ọmọ náà bá wá sílé ní Afo, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì fóònù ni yóò lọ jókòó sí lórí àpótí títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí yóò máa tẹ ìwé rẹ̀ nínú ariwo.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù kì í ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Lithium-ion ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Sony ti Jàpáànì ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991, Goodenough, Whittingham àti Yoshino sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i ní 2019. Síbẹ̀, gbogbo ọgbọ́n yẹn kò ní kí ó má gbó. Bí o bá lo agbára tó tó odidi bátìrì kan tán, ìgbà kan nìyẹn. Bí ó bá di ìgbà 300 sí 500, agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú 100. Àwọn kan wà tí wọ́n á tó ìgbà 1,000. Kódà bí ó bá jókòó lásán, ó ń gbó, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Ẹ wá rò ó wò: ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mélòó kan, tí ó wá nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ó tún ń gbóná lábẹ́ òrùlé páànù. Wọn á nù ún, ara rẹ̀ á máa dán.

Èmi àti ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. (Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ pọ̀.) Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín kí wa dáadáa, ó fún mi ní àga.

"Dádì, ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ má bínú, àwọn ọmọ yìí ni wọn ò mọ bátìrì í lò. Wọ́n máa ń fi í sórí iná mọ́jú."

Mo ní, "Àbúrò, ṣebí ìwọ lo ní kó fi í sórí iná mọ́jú?"

Ó nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, owó tí a bá ti san, a kì í dá a padà. Ó ní òfin ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Mo ní kí ọmọ náà tan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ṣí Command Prompt nínú Windows, tí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kọ ìwé nípa bátìrì rẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọ Design Capacity, agbára rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun nìyẹn. Full Charge Capacity ni èyí tó kù sí i lára. Ti ọmọ wa: 48,000 ní tuntun, 6,200 ló kù. Ìwé náà tún máa ń kọ ìtàn bí agbára náà ṣe ń lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, 11,800 ni ó wà. Kò sí ohun tí ọmọ kankan lè fi lílò bà jẹ́ níbẹ̀. Bátìrì náà ti ń kú lọ kí wọ́n tó gbowó rẹ̀.

Mo wá sọ òfin gidi fún un. Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019, kò mọ ìwé ara ògiri rí. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á, kí ó má lábùkù, kí ó sì ṣeé lò fún àkókò tó bójú mu. Ó ní ẹni tí ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, kí ó sì fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Àjọ FCCPC ni ó ń mójú tó o. Àwọn kan á ní ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tí wọ́n sọ wákàtí 5 fún, wákàtí 5 ló san owó fún. Ní 2006, Dell pe bátìrì tó lé ní mílíọ̀nù 4 tí Sony ṣe padà nítorí pé wọ́n lè gbiná, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fi í sórí iná mọ́jú.

Mo ní mi ò ní bá a jà, mi ò sì ní pe ọlọ́pàá. Lẹ́tà ni mo máa kọ sí FCCPC, pẹ̀lú rìsíìtì àti ìwé bátìrì yẹn. Bí mo ṣe yọ rìsíìtì náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó fóònù, ó ní òun á fi òmíràn sí i, kí a fi ₦15,000 kún un. Mo ní a ò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ó fi sí i. A tẹ ohun kan náà lójú rẹ̀: 41,000 nínú 48,000. Mo ní kí ó kọ oṣù 3 sẹ́yìn rìsíìtì, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, inú rẹ̀ ò dùn.

Mo sọ fún ọmọ náà kí ó má máa jẹ́ kí ó kú tán pátápátá kí ó tó ṣáájì rẹ̀, kí ó sì máa yọ ọ́ nígbà tí ó bá ti tó nǹkan bíi 80. Kí ó má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí aṣọ á ti dí ihò atẹ́gùn rẹ̀. Ti àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ ṣáájì rẹ̀ fún wákàtí 8, ìmọ̀ràn bátìrì ayé àtijọ́ nìyẹn.

Bátìrì tí wọ́n yọ kúrò ti wú níkùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, mo ní rárá o: bí ohun kan bá gún un, tàbí tí wọ́n bá dáná sun ìdọ̀tí náà, ó lè bú gbàmù. Ó wò mí bíi pé àròyé mi ti pọ̀ jù, ó sì gbé e sílẹ̀ lọ́tọ̀.