Láti Igbó Ofosu Dé Etíkun Ayétòrò

Ẹni tó bá ń gbé Ofosu mọ igbó ju omi lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni ìlú wa wà, létí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Benin, kí èèyàn tó wọ ìpínlẹ̀ Edo. Kòkó, ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti igi gẹdú la fi ń jẹun. Odò tó wà nítòsí wa, inú igbó ló ń ṣàn gbà. A lè fọṣọ níbẹ̀, a lè rẹ ègé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kò lè rìn ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí a wà yìí dé etí òkun Àtìláńtíìkì, àwọn Ìlàjẹ sì ti ń gbé lórí omi níbẹ̀ láti ìrandíran. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ti rí Dubai lórí fóònù, wọn kò sì mọ Ìgbókòdà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ nílé pé lásìkò ìsinmi Àjíǹde, orí omi la ó ti lò ó.

Àsìkò náà bá a mu. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, eruku ọyẹ́ ti wábi gbà, ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú sì ń pọ́n lórí igi. Omi ti ń gòkè, kò sì tíì kún àkúnya. Ẹni tó bá dúró di oṣù keje kó tó lọ, ìgbì òkun á ti le, òjò kò sì ní jẹ́ kó rí iwájú.

Èmi àti ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa, àbúrò mi àti aya rẹ̀, Bàbá Ìbejì tí ilé wa jọ kọjú síra, àti Ìyá Ẹlẹ́ja la jọ lọ. Ìyá Ẹlẹ́ja gan-an ni ọ̀gá ìrìnàjò yìí. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Ìlàjẹ ni, ẹja gbígbẹ ló sì ń tà lọ́jà Ofosu láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó gbọ́ ibi tí a fẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ ò ní lọ lẹ́yìn mi o. Ilé ẹ̀gbọ́n mi lẹ máa sùn."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere la gbéra. A kọjá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá wà, a sì dé Òrè, níbi tí ìjà gbígbóná ti wáyé lọ́dún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá tí wọ́n kọjú sí Èkó. Láti Òrè a yà sí apá gúúsù. Agbègbè yìí ni Agbábù wà, ibi tí ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti gbẹ́ ilẹ̀ wá epo láàárín ọdún 1908 sí 1914, kí ayé tó gbọ́ orúkọ Oloibiri rárá. Ní Òkìtìpupa, ìlú àwọn Ìkálẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja ní ká dúró ra púpurú. Lẹ́yìn ibẹ̀, òkè tán pátápátá. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi ògùrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ọ̀pẹ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ojú fèrèsé sì yí padà: ó tutù, ó sì ń gbé òórùn ẹja wá.

Ìgbókòdà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, èbúté rẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ omi. Ohun tí gáréèjì jẹ́ fún wa ní Òrè ni èbúté jẹ́ fún wọn níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onípákó gígùn ń kó sìmẹ́ǹtì, páànù, àpò ìrẹsì àti ìdì omi mímu lọ sí àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé, wọ́n sì ń kó ẹja àti ẹdé bọ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúnàádúrà. Apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ tútù, ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìà àti akàn tí wọ́n fi okùn di lẹ́sẹ̀ wà nílẹ̀ lọ rẹrẹ. A sùn sí Ìgbókòdà lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí Ìyá Ẹlẹ́ja kò fẹ́ ká wà lórí omi nígbà tí oòrùn bá wọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, a háyà odindi ọkọ̀ kan, ọkọ̀ fáíbà tó ní ẹ́ńjìnnì Yamaha lẹ́yìn. Awakọ̀ náà kò yára rárá, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, ó dé e, ó mì í títí tí wọ́n fi pò pọ̀, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń mu epo àti ọ́ìlì pa pọ̀ ni. Ó fi ọ̀pá rọ́bà so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fún ìkòkò rọ́bà kékeré tó wà láàárín ọ̀pá náà lọ́wọ́, ó ń fún un títí tó fi le gbandi. Nígbà náà ló tó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún fà á, ó gbà. Ó wá pín láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fúnra rẹ̀ so tàwọn ọmọ.

Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ ní òun mọ omi wẹ̀, òun ò nílò rẹ̀. Awakọ̀ náà tẹrí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ọkọ̀ ò ní kúrò." Bàbá Ìbejì wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn gan-an fún ọ̀rọ̀ náà. Àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 láti máa bójú tó ọ̀nà omi, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ń kéde lójoojúmọ́ pé kí ọkọ̀ má kó èrò ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó má rìn lóru, kí gbogbo èrò sì wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wọn kò bá ti pa òfin yìí mọ́ la ti ń gbọ́ ìròyìn òfò. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gbádùn omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún omi.

Bí a ti kúrò léèbúté, omi náà dúdú, ó sì ń dán, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá fi ọwọ́ bù ú, mímọ́ ló máa rí, àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ ló kàn wà nínú rẹ̀. Ewé tó ń jẹrà nínú àbàtà ló ń pa á láró bẹ́ẹ̀. Ògùrọ̀ dúró lọ́tùn-ún lósì, imọ̀ wọn sì tẹ̀ kan omi. Níbì kan, ewéko tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò bo ojú omi pátápátá. Ó lẹ́wà lójú àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀tá apẹja ni. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú omi Nàìjíríà, níhà Àgbádárìgì, ó sì ti ràn dé ibi gbogbo láti ìgbà náà. Awakọ̀ dẹ ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó bọ́ àwọn gbòǹgbò tó lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì mú ọ̀pá tì wá kọjá níbẹ̀.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí omi. Ìyá Ẹlẹ́ja ní kí àwọn ọmọ tọ́ omi wò: iyọ̀ ti ń wọ inú rẹ̀. Àwọn abúlé tí a ń bá pàdé, orí òpó igi ni ilé wọn wà. Afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé. Ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀ níwájú wa, awakọ̀ wa sì dẹ iná kí ìgbì tiwa má baà dà á. Ọmọbìnrin kan ló ń fi àjẹ̀ wà á, kò ju ọmọ wa kejì lọ, àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú pẹ̀lú korobá. Ó gbọ́wọ́ sókè kí wa, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ti ń pariwo láti ìgbà tí a ti gbéra, dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Apá ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ àwọn Máhìn àti Ùgbò wà. Àwọn ará Ùgbò a máa sọ pé Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá, pé àwọn gan-an ni àwọn jagunjagun tí ìtàn Mọrèmi ń sọ. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń ka Mọrèmi tẹ́lẹ̀. Láàárín omi yẹn, tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń sọ ọ́ látẹnu àwọn baba tirẹ̀, apá kejì ìtàn náà ni mo gbọ́.

Bí ọkọ̀ ti sún mọ́ Ayétòrò, ìlú ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja, a gbọ́ òkun kí a tó rí i.

Oṣù kìíní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àwọn onígbàgbọ́ kan láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n tako pípa ìbejì àti àwọn àṣà mìíràn, wọ́n rí inúnibíni, wọ́n sì kó lọ sí etíkun níbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé. Wọ́n dá ìjọ Holy Apostles sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ohun gbogbo ní àpapọ̀. Èrè ẹja, èrè ọkọ̀ kíkàn, èrè aṣọ híhun àti bàtà ṣíṣe, àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Kò sí ẹni tó ń gbowó oṣù. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Lọ́dún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, gbé ibẹ̀, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1977. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ètò àpapọ̀ náà ti dẹ̀, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja, bàbá àgbà kan, ló mú wa káàkiri. Ó na ọwọ́ sí àárín ìgbì, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni òpópónà wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀." Omi nìkan ni mo rí. Òpó ilé díẹ̀ ṣì yọrí láàárín omi. Ilẹ̀ etíkun ibẹ̀ kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ ni. Mo bù ú lọ́wọ́: ó rọ̀, ó kúnná, ó sì ń yọ́ láàárín ìka bí omi ṣe ń kọ lù ú. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti dá òkun dúró. Òkun ń ga sí i káàkiri ayé, ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì, bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ ń gba ojú ọ̀nà omi tí àwọn tó ń wa epo là wọ inú odò wọn. Lọ́dún 2004, ìjọba gbé iṣẹ́ odi ìdènà òkun jáde fún ìlú náà. Odi náà kò sí níbẹ̀. Ìdílé tó ti kó sẹ́yìn tún ń kó sẹ́yìn sí i.

Síbẹ̀ ìlú náà kò sunkún níwájú àlejò. Lálẹ́, wọ́n ro púpurú tí a rà, wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja tútù gbé e fún wa. Aya ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja mú ìyàwó mi lọ sí ibi ààrò, níbi tó ti ń yan ẹja. Ó to ẹja sórí àwọ̀n irin, orí sí ìrù, ó fi igi tútù dín iná kù kí èéfín lè pọ̀ ju ọwọ́ iná lọ, ó sì ń yí wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi, tó ti ń ra irú ẹja yẹn lọ́jà Ofosu tipẹ́, rí gbogbo iṣẹ́ òru tó wà nínú ẹyọ ẹja kan. Kò tún ní ná an bí ó ti ń ná an tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ ilé náà ti di ọ̀rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n kọ́ àwọn tiwa ní àjẹ̀ wíwà létí afárá, àwọn tiwa sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń la kòkó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la padà, omi sì rọ̀ wá lọ́rùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ka ìwé yìí mú lọ nìyí: a kò ní láti la òkun kọjá kí a tó fi ìsinmi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Omi wà nílé. Ẹ lọ ní àsìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání, kí ẹ sì náwó sọ́dọ̀ awakọ̀ àti ẹlẹ́ja ibẹ̀. Ìlú tí èèyàn kò bá dé rí, ó ṣòro kó jà fún un. Àwa ará òkè, tí ẹja Ìlàjẹ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa lójoojúmọ́, ni ó yẹ ká dara pọ̀ mọ́ Ayétòrò láti béèrè odi òkun náà lọ́wọ́ ìjọba, kí a sì máa béèrè rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ ọ́n.