Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ọmọ

Ní ọjọ́ tí mo fi tó ìyá mi létí lórí fóònù pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, àti pé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni iṣẹ́ náà, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní: “Ìwọ tí o pọn àbúrò mẹ́rin, ta ni yóò tún wá kọ́ ọ ní ọmọ pípọ̀n?” Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní Kétu tí a bí mi sí, ọmọbìnrin kì í forúkọ sílẹ̀ níbì kan kí ó tó mọ ìtọ́jú ọmọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gbé e dáadáa, wọn yóò fi ọ̀já de àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Èrò mi ni pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni mo ń lọ gbà. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ẹni ọdún 28 ni mí nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọmọ-iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí tí mo ń lépa ni CAP Accompagnant éducatif petite enfance, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2017 dípò CAP Petite enfance ti àtijọ́. Apá mẹ́ta ni ó ní: bí a ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti dàgbà, bí a ti ń ṣiṣẹ́ láàrin ọ̀pọ̀ ọmọ ní crèche tàbí ní école maternelle, àti bí a ti ń tọ́jú ọmọ nínú ilé. Ẹsẹ̀ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ kejì wà ní ibi iṣẹ́, wọ́n sì ń san owó fún ọmọ-iṣẹ́ lóṣooṣù. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí lọ́dọ̀ wa, ọmọ-iṣẹ́ aránṣọ tàbí onídìrí ni ó ń san owó fún ọ̀gá, tí yóò sì tún náwó ní ọjọ́ òmìnira rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú ọmọ kan nítòsí Paris ni wọ́n fi mí sí. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ní kí n fi ọ̀rá bo bàtà mi, kí n fọ ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́, kí n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò ju èyí lọ: kí n jókòó, kí n máa wò. Ó dà bí ẹ̀gbin lójú mi. Mo ka àwọn ọmọ, mo ka àwọn àgbà. Ìlànà ilé náà ni pé àgbà kan kò gbọdọ̀ mójú tó ju ọmọ márùn-ún tí kò tíì rìn lọ, tàbí ọmọ mẹ́jọ tí ó ti ń rìn. Mo rántí agboolé wa, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ti ń ṣọ́ ọmọ mẹ́fà lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Ohun mìíràn tún wà tí ó ṣòro fún mi. Orúkọ mi gan-an ni àwọn ọmọ náà ń pè mí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kékeré tí ó bá pe àgbà lórúkọ lásán, láìsí “ìyá” tàbí “tàǹtí” níwájú rẹ̀, yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́. Ọ̀gá tí ó ń kọ́ mi níṣẹ́ ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ní kí èmi náà máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kò gbà á. “Madame” ni mo ń pè é títí mo fi parí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá ń sunkún láti àárọ̀. Wọ́n gbé doudou rẹ̀ fún un, ó jù ú nù. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tí ojú ọ̀gá mi kúrò níbẹ̀, mo tú ìborùn mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ náà sẹ́yìn, mo dì í pinpin. Kí n tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, oorun ti gbé e lọ. Inú mi dùn, mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

Ọ̀gá mi kò bínú, kò sì yìn mí. Ó dúró títí a fi tẹ́ ọmọ náà sórí ibùsùn rẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ mo sọ fún ọmọ náà kí n tó gbé e? Ǹjẹ́ mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí a máa gbé ọmọ òun bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ náà sì wà lẹ́yìn mi, ǹjẹ́ mo rí ojú rẹ̀? N kò ní èsì fún ọ̀kankan. Mo sọ fún ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé òyìnbó kò mọ ọmọ tọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo wá kọ́ níbẹ̀ kò ju ohun kan lọ, a kàn ń tún un kọ́ lójoojúmọ́ ni: kí a sọ fún ọmọ kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí a bá fẹ́ nu imú rẹ̀, kí a fi aṣọ ìnumú hàn án. Bí a bá fẹ́ gbé e, kí a wá síwájú rẹ̀, kí a na ọwọ́, kí a dúró díẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọ́n kọ́ wa nípa Emmi Pikler, dókítà ọmọdé ará Hungary tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ilé àwọn ọmọ tí kò ní òbí lọ́dọ̀ ní Budapest ní ọdún 1946. Ìlànà rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ gbé ọmọ jókòó kí ó tó lè jókòó fúnra rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ mú un rìn kí ó tó dìde. Èmi tí wọ́n fi ìrọ̀rí há láàrin kí n lè tètè jókòó, tí wọ́n na lápá nà lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ gbogbo, mo ń gbọ́, mo ń mi orí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ oṣù márùn-ún kan. Mo ń wí fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi: “Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè.” Ojú ń tì mí, bí ẹni tí ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo dúró díẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè fúnra rẹ̀. N kò lè sọ bí ó ti rí lára mi. Mo ti wẹ ọmọ, mo ti pọn ọmọ, n kò tíì dúró rí kí n rí i pé ọmọ ń dáhùn.

Ní oṣù kejì, nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ wa ní bí ọmọ ti ń gbé nǹkan mì. Ó ṣàlàyé bí omi ti í gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró bí a bá dà á sí ọmọ lẹ́nu tipátipá nígbà tí ó ń ké, àti ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a má fún ọmọ ní ohunkóhun lẹ́yìn ọmú títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ìbáà ṣe omi lásán. Mo dìde, mo jáde kúrò ní kíláàsì.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n ń fi àgbo rọ àbúrò mi obìnrin. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí itan, wọ́n ká ọwọ́ bí ìkòkò sí i lẹ́nu, wọ́n di imú rẹ̀, wọ́n sì ń da àgbo náà sí i. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo dì í mú dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹkún dá, ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ rọ̀. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ó yè, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tí ó tún mẹ́nu kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rántí nínú yàrá ẹ̀kọ́ náà ni ẹsẹ̀ méjì yẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, n kò gbọ́.

N kò dá Ìyá àgbà lẹ́bi. Ọmọ méje ni wọ́n tọ́, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́ gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn Faransé ti mọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé: ní oṣù keje ọdún 2019 ni òfin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé àṣẹ òbí lórí ọmọ kò gbọdọ̀ ní ìwà ipá nínú, ìbáà ṣe ti ara tàbí ti ọkàn.

Èmi tí mo ti kọ́ gbogbo èyí ni mo tún wá ṣẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí ó ti lé ní ọdún méjì, tí kì í fọhùn. Ará agbègbè Pobè ni ìyá rẹ̀, Nàgó bíi tèmi. Ó ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Faransé nìkan ni òun ń fẹ́ fún ọmọ òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà ta jí lójú oorun, ó ń ké. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, má sunkún mọ́.” Ó dákẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí ó rí ará ilé lọ́jà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a sọ Yorùbá ní ìkọ̀kọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ó fi wí lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo wọn pé: “Omi.”

Ọ̀gá mi ní èmi fúnra mi ni kí n sọ ọ́ fún ìyá ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Èdè Nàgó ni ó fi bá mi wí, níwájú ọ̀gá àgbà ilé náà: “Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé ìwọ lo bí i?” Lẹ́yìn náà ni ó sọ tẹnu rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ nílé, signal ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn nígbà tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ó sùn pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́ kan, nítorí kò rí ẹni tí yóò gbé e fún. Ó búra pé ohunkóhun kò ní í gbé ọrùn ọmọ òun bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tí à ń pè ní signal, n kò lè dá a lóhùn.

Ọ̀gá àgbà, tí kò gbọ́ Nàgó, bi í ní ohun kan ṣoṣo: “Bí ọmọ yín bá ń ṣàìsàn lóru, èdè wo ni ẹ fi ń tù ú nínú?” Ó dákẹ́ pẹ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó mú fóònù rẹ̀ wá. Ó ti gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó ń ki ọmọ náà ní oríkì. Ó ní kí a máa fi gbọ́ ọ kí ó tó sùn. Kò tọrọ àforíjì, kò sì yẹ kí ó tọrọ rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èdè náà tọ́ sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí i kò jìnnà sí ohun tí ọwọ́ mi ṣe sí ẹsẹ̀ àbúrò mi.

Ní ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi, wọ́n bi mí bóyá ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí mi. Mo ronú kan Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní Kétu, a kì í bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láìjúbà. Kí ẹlẹ́fẹ̀ tó kọrin, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Àṣẹ ni ó ń tọrọ. Mo dáhùn pé àwọn ènìyàn mi mọ ìbà jíjú. Ọmọdé ni a kò tíì rántí láti jú u fún. Mo yege.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, mo padà sí Kétu. Àbúrò mi yẹn ti bímọ, ọmọ oṣù mẹ́rin. Mo bá ìyá mi lórí àpótí, ọmọ lórí itan, ife àgbo lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò wàásù. Mo kúnlẹ̀, mo ní: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í.” Ìyá mi wò mí. Wọ́n wo àbúrò mi pẹ̀lú, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. “Ó dáa, bi í kí n gbọ́.” Mo gbé ife náà síwájú ọmọ. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. “Kí ló wí?” Mo ní: “Ó ní òun kò fẹ́.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rẹ́rìn-ín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì da àgbo náà sídìí ògiri.

Bóyá wọ́n tún po òmíràn lẹ́yìn tí mo lọ, n kò mọ̀. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀yin tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ tàbí lókè òkun, ọmọ náà mọ ọ̀nà díẹ̀. Ẹ bi í.